Má fi gbogbo wọn sí Always: àlàyé lórí Opposition Instructions nínú Football Manager

Nírọ̀lẹ́ Sunday tó kọjá, àbúrò mi kan tó ń gbé ní Mushin gbé laptop ẹ̀ wá sílé mi ní Lawanson. Kò tíì jókòó tó ti ń pariwo, "Ẹ̀gbọ́n, márùn-ún ni wọ́n tún fún mi o! Márùn-ún! Nínú ilé mi!" Mo kọ́kọ́ rò pé àwọn olè ló wọlé ẹ̀. Àṣé Football Manager ló ń sọ, game kọ̀ǹpútà téèyàn ti ń ṣe kọ́ọ̀ṣì, Bolton ló ń kọ́ọ̀ṣì, Peterborough ló wá nà án ní 5-1 níṣojú àwọn èèyàn ẹ̀. Torí Okocha ló ṣe mú Bolton o, bẹ́ẹ̀ nígbà tí Okocha débẹ̀ ní 2002, ọmọ ọwọ́ ni bọ̀bọ́ yìí. Mo ní kó ṣí i kí n rí i. Tactics ẹ̀ ò burú, 4-2-3-1 tí gbogbo ayé ń lò ni, kò sì sẹ́ni tó ṣèṣe nínú àwọn ọmọ ẹ̀. Ìgbà tá a dé ibi Opposition Instructions, ibi téèyàn ti ń sọ báwọn ọmọ ẹ̀ ṣe máa ṣe sí player kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fẹ́ bá gbá, ni mo tó bú sẹ́rìn-ín. Látorí gólì wọn títí dé orí striker, Tight Marking, Always, Trigger Press, Always, tackling, èyí tó le jù, kò sí ẹyọ àpótí kan tó ṣẹ́ kù. Mo ní kí ló dé tó o fi ṣe báyìí? Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò fẹ́ kí wọ́n ráyè mí ni."

Mi ò bú u, torí ohun témi náà ṣe nìyẹn nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Téèyàn bá kọ́kọ́ rí ojú ibẹ̀ yẹn, orúkọ mọ́kànlá lápá kan, àpótí mẹ́rin níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, ohun tó máa ń wá síni lọ́kàn ni pé tí mo bá fi gbogbo ẹ̀ sí Always, àwọn ọmọ mi á ṣiṣẹ́ bí ẹrú, tí mo bá wá fi í sílẹ̀ lófìfo, á jẹ́ pé ọ̀lẹ kọ́ọ̀ṣì ni mí. Irọ́ ni jàre. Gbogbo àṣẹ tẹ́ ẹ bá kọ síwájú orúkọ player wọn, ọmọ tiyín lẹ rán níṣẹ́, ọmọ tẹ́ ẹ bá sì rán jáde, kò lè sí nílé. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà.

FM24, ìyẹn Football Manager 2024, ni mo fi ń ṣàlàyé o, torí òun ló wà lórí laptop mi. FM25 tá a ń retí, wọ́n fagi lé e ní February 2025, FM26 wá jáde ní November ọdún yẹn náà, àmọ́ laptop mi ti jẹ́ kó yé mi pé òun ò lágbára ẹ̀. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ ti ń gbá a látìgbà tó ṣì ń jẹ́ Championship Manager, láyé CM 01/02 tí wọ́n ń ka wákàtí síni lọ́rùn ní cyber café, ẹ ṣe sùúrù fáwọn ọmọdé, ẹ jẹ́ ká jọ gbé e.

Ọ̀nà mẹ́ta lẹ lè gbà pàṣẹ fáwọn ọmọ yín nínú game yìí. Ọ̀kan, èyí tẹ́ ẹ sọ fún gbogbo team lápapọ̀, bóyá kí wọ́n gòkè lọ pressing àbí kí wọ́n kóra jọ sẹ́yìn. Èkejì, èyí tẹ́ ẹ sọ fún ọmọ kan ṣoṣo, bíi kẹ́ ẹ ní kí left-back má gòkè. Ẹ̀kẹta ni Opposition Instructions, òun ló sì máa ń dàrú mọ́ èèyàn lójú torí kì í bá ọmọ kan pàtó sọ̀rọ̀. Ohun tó ń sọ ni pé ẹnikẹ́ni nínú yín tó bá ṣáà wà nítòsí nọ́ńbà méje wọn, báyìí ni kó ṣe sí i. Ẹnikẹ́ni tó bá wà nítòsí o. Ìyẹn ni kì í fi í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú man-marking. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ọmọ kan tẹ̀ lé ẹnì kan kiri bí òjìji, abẹ́ instructions ti ọmọ yẹn lẹ máa lọ, ẹ yan orúkọ ẹni tó máa tẹ̀ lé. Èyí tá à ń sọ yìí, tí nọ́ńbà méje yẹn bá rìn kúrò lápá ọ̀tún lọ sí apá òsì, ọmọ míì ló máa gbà á, àṣẹ yẹn náà ló sì máa fi ṣe é.

Ẹ tún fi èyí sọ́kàn, àṣẹ kẹta yìí ló máa ń borí tó bá dórí ẹni tẹ́ ẹ kọ ọ́ sí. Ẹ ti sọ fún team pé kí wọ́n dúró sẹ́yìn, kí wọ́n má sáré lé bọ́ọ̀lù, ó dáa, ẹ tún wá lọ fi Trigger Press Always sórí center-back wọn méjèèjì. Striker yín á jáde lọ máa dá sáré láàárín àwọn méjèèjì bí ajá tó ń lé ọ̀kadà, àwọn tó kù á wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, wọ́n á máa wò ó. Lẹ́yìn náà ẹ ó ní striker yín ò lè gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ̀yin lẹ pa á.

Ó dáa, Trigger Press gan-an. Ẹ ti lọ sí Balógun rí, àbí? Ẹ mọ àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù tó máa ń dúró lójú títì, tẹ́ ẹ bá ṣe bí ẹni tó ń bọ̀ láti Ìdúmọ̀tà báyìí, wọ́n ti fà yín lọ́wọ́, "Aunty, ẹ wá wo lace, bọ̀dá, jeans wà, sneakers wà." Pressing nìyẹn. Kí oníbàárà tó ronú ibi tó ń lọ, wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Tí ọmọ kan bá jáde tí méjì wà nínú ṣọ́ọ̀bù, ó máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Tí ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wá jọ sáré lọ bá oníbàárà kan ṣoṣo ńkọ́? Ẹni tó bá gba ẹ̀yìn wọlé á kó ọjà lọ, oníbàárà yẹn gan-an sì lè máà ra nǹkan kan.

Always túmọ̀ sí pé gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá ti ń lọ sẹ́sẹ̀ ẹni yẹn, ẹni tó sún mọ́ ọn nínú àwọn ọmọ yín á fi ibi tó wà sílẹ̀ á sáré sí i. Never, ẹ fi í sílẹ̀, kí kálukú dúró síbi tó wà. Tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ lófìfo, ohun tẹ́ ẹ ti sọ fún gbogbo team ni wọ́n á máa ṣe, òfìfo kì í ṣe ọ̀lẹ. Ta ló wá yẹ kí wọ́n sáré sí? Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ máa ń gbọ̀n. Ẹ ṣí profile ẹ̀, game yìí máa ń fún player ní nọ́ńbà láti 1 dé 20 lórí gbogbo nǹkan, ẹ wo First Touch, Composure àti Decisions. Center-back tí Composure ẹ̀ jẹ́ 7 tí First Touch ẹ̀ jẹ́ 8, ẹ sáré sí i, á gbá bọ́ọ̀lù síta fún yín tàbí kó pààsì ẹ̀ fún striker yín. Àmọ́ midfielder tí gbogbo nǹkan wọ̀nyẹn jẹ́ 16, 17, tẹ́ ẹ bá rán ọmọ sí i, á fi ẹsẹ̀ kan gbà á, á fi kan náà pààsì ẹ̀ sí àyè tí ọmọ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò. Ẹ rò pé ẹ ń dà á láàmú, ẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́ ni.

Never yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀, òun sì làwọn èèyàn kì í fọwọ́ kàn. Left-back wọn kan wà tí Crossing ẹ̀ jẹ́ 6, kò lè dríbù, kò lè gbá bọ́ọ̀lù dé iwájú gólì. Kí lẹ fẹ́ kí winger yín máa lé e kiri fún? Ẹ fi Never sí i lórí. Àwọn tó kù tẹ́ ẹ ń lé á máa wá ibi tí wọ́n á sá sí, wọ́n á rí i pé òun nìkan ló wà lómìnira, wọ́n á máa fún un ní bọ́ọ̀lù, òun á sì máa gbá a lọ fún gólì yín. Mo ti fi wín match mẹ́ta bẹ́ẹ̀ rí láìṣe nǹkan míì.

Pressing sì máa ń jẹ èèyàn lára o. Ẹ máa wo ọkàn kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ àwọn ọmọ yín, tó bá fi máa di ìṣẹ́jú 65 tẹ́ ẹ bá ti fi Always sórí èèyàn mẹ́jọ, àwọ̀ ewé ti kúrò lára ẹ̀, ó ti ń pọ́n, ìgbà yẹn gan-an sì ni kọ́ọ̀ṣì wọn máa ń gbé winger tuntun wọlé.

Tight Marking wá yàtọ̀. Trigger Press ń sọ̀rọ̀ nípa ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá dé ọ̀dọ̀ ẹni yẹn, Tight Marking ń sọ̀rọ̀ nípa kí bọ́ọ̀lù tó dé: ẹ dúró tì í, ẹ jẹ́ kó máa gbóòórùn yín. Ó dára fún ẹni tó máa ń fẹ́ gba bọ́ọ̀lù sẹ́sẹ̀ kó tó ronú, nọ́ńbà mẹ́wàá, àwọn tó ń dúró láàárín tí wọ́n ń pín bọ́ọ̀lù bí ẹni ń pín ìrẹsì níbi àríyá. Ẹ rántí March 2010, Manchester United gba AC Milan lálejò ní Old Trafford nínú Champions League. Ferguson, kọ́ọ̀ṣì United, sọ fún Park Ji-sung pé kó má wo ojú ẹlòmíì, Pirlo tó ń pín bọ́ọ̀lù fún Milan nìkan ni. Park dúró ti Pirlo débi pé Milan ò rẹ́ni pín bọ́ọ̀lù mọ́, 4-0 ló parí sí. Òótọ́ ni pé man-marking ni ìyẹn, ọmọ kan sí ẹnì kan, àmọ́ ìdí tó fi ṣiṣẹ́ náà ni Tight Marking fi máa ń ṣiṣẹ́: ẹni tó nílò àyè, wọ́n gba àyè lọ́wọ́ ẹ̀.

Ibi tó ti ń pani lára ni orí àwọn tó ń sáré. Ẹ jẹ́ ká fi Osimhen ṣe àpẹẹrẹ, ọmọ Olúsòsùn, tó gbá gólù 26 wọlé ní Serie A lọ́dún tí Napoli gba ife ní 2023. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò fẹ́ bọ́ọ̀lù sẹ́sẹ̀, ẹ̀yìn yín ló fẹ́ kí wọ́n jù ú sí. Ẹ wá ní kí center-back tí Pace ẹ̀ jẹ́ 9 lọ lẹ̀ mọ́ ọn. Ó yí padà lẹ́ẹ̀kan báyìí, ó ti lọ, ẹ̀yìn aṣọ ẹ̀ nìkan lẹ máa rí. Kí center-back yẹn fi mítà méjì mẹ́ta sílẹ̀ láàárín wọn kó lè ráyè bẹ̀rẹ̀ sáré sàn fún un, ẹ fi Never síbẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ má fọwọ́ kàn án rárá. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó tẹ Tight Marking, ẹ má wo ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ mú nìkan, ẹ wo ẹni tó máa mú un, ẹ gbé Pace àti Acceleration àwọn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Tackling ò ní pẹ́. Bóyá kí wọ́n wọlé sí i lára gan-an, àbí kí wọ́n rọra. Líle dára fún ẹni tí Bravery ẹ̀ kéré, tó máa ń yẹra tí ara bá fẹ́ kan ara. Ẹni tó mọ dríbù, tó ní Agility àti Balance, ẹ rọra fún un, torí ohun tó ń wá kiri gan-an ni pé kẹ́ ẹ gbá a lẹ́sẹ̀ nítòsí àpótí penalty yín. Lọ́jọ́ tí mo fi èyí tó le sórí gbogbo èèyàn, right-back mi gba yellow ní ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, ó gba èkejì ní ìṣẹ́jú mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, mo wá jókòó níwájú laptop tí mò ń bú réfìrì tí kì í ṣe èèyàn.

Show Onto Foot wá ni baba wàhálà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣàlàyé ẹ̀ fún àbúrò mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn kó tó yé e.

Ẹ mọ báwọn àdúgbò Surulere ṣe máa ń ti géètì tó bá di alẹ́. Tí olè bá sá wọ àdúgbò yín, ẹ lè máà sáré tó o, àmọ́ ẹ mọ street tí géètì ẹ̀ wà ní títì àti èyí tó ṣí sílẹ̀. Ẹ̀ẹ́ wá lọ dúró lójú èyí tó ṣí. Kò síbi tó máa gbà mọ́ ju ibi tí géètì ti wà lọ. Ẹ ò dá olè yẹn dúró o, ó ṣì ń sáré, ibi tó máa sáré lọ lẹ bá a yàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Show Onto Foot. Kì í sọ fún ọmọ yín pé kó gba bọ́ọ̀lù, ó ń sọ fún un pé kó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ kan kí player yẹn lè máa lo ẹsẹ̀ kejì. Left tàbí Right tó wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ tiẹ̀ ni, kì í ṣe apá òsì tiyín lórí pápá. Ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà.

Àwọn èèyàn á ní ṣebí Weaker Foot, ẹsẹ̀ tí ò lágbára, wà níbẹ̀, ẹ tẹ ìyẹn fún gbogbo wọn, kẹ́ ẹ lọ sùn. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wò ó. Winger kan wà lápá ọ̀tún wọn, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń lò. Ẹsẹ̀ tó lágbára lára ẹ̀ wà létí ìlà, èyí tí ò lágbára wà níhà àárín pápá. Tẹ́ ẹ bá wá ní Weaker Foot, àárín lẹ lé e sí, síwájú gólì yín, àmọ́ ẹsẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n lò ló máa gbé débẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní defensive midfielder méjì tó dúró síbẹ̀ bí géètì, ó dáa bẹ́ẹ̀, wọ́n á gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo lẹ ní láàárín, tí òun náà sì máa ń gòkè lọ wá gólù, ẹ ti ṣílẹ̀kùn fún un nìyẹn.

Ẹ wá wo winger kejì, tó wà lápá òsì wọn, àmọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún lòun náà ń lò. Irú Robben ní Bayern lọ́hùn-ún, àmọ́ tiẹ̀ yí padà, òun dúró sọ́tùn-ún ó ń lo òsì. Ẹni tó bá dúró báyìí, àárín ni ẹsẹ̀ tó lágbára kọjú sí, ohun tó fẹ́ ni kó gé wọlé kó yìnbọn. Tẹ́ ẹ bá ní Weaker Foot fún irú èyí, etí ìlà lẹ lé e sí, kò lè yìnbọn mọ́, cross ló kù fún un, ẹsẹ̀ burúkú ló sì máa fi gbá a. Ṣé ẹ rí i báyìí, àṣẹ kan náà, winger méjì, ọ̀kan lọ sí àárín, ọ̀kan lọ sí etí. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi í tẹ Weaker Foot láìkọ́kọ́ wo apá ibi tí ẹni yẹn dúró sí.

Nígbà tẹ́ ẹ bá sì lé e lọ sétí ìlà, cross ló máa gbá, ta ló wà níwájú gólì yín tó máa fi orí kàn án? Ìbéèrè yìí, ẹ fi pamọ́, á tún padà wá bá wa.

Ẹlòmíì wà tí Show Onto Foot ò ní ṣe nǹkan kan fún. Lookman, ẹni tó fi gólù mẹ́ta pa Leverkusen ní Dublin ní May 2024 tí Atalanta fi gba Europa League, ọ̀tún ló ń lò jù, àmọ́ òsì ẹ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Nínú profile player ẹ máa rí bí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe lágbára tó, tí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé méjèèjì lágbára, ẹ fi àpótí yẹn sílẹ̀, ẹ wá ọ̀nà míì. Tó bá wá jẹ́ pé ẹsẹ̀ kejì ò wúlò rárá, ibẹ̀ lowó wà. Robben ńkọ́? Gbogbo ayé ló mọ̀ pé òsì ló máa yí sí, ó ṣì ń yí sí òsì, ó ṣì ń gbá a wọlé. Mímọ ọ̀nà tó máa gbà lọ̀tọ̀, ọmọ tó máa dí ọ̀nà yẹn lọ̀tọ̀.

Nǹkan díẹ̀ kù kí n tó padà sórí Bolton. Ẹ lè kọ àṣẹ yìí sórí position, bíi gbogbo ẹni tó bá ti dúró ní left wing, ẹ sì lè kọ ọ́ sórí orúkọ ẹnì kan. Ti position dára fẹ́ni tí kò ráyè, match tó ń bọ̀ á ṣì bá a níbẹ̀, àmọ́ winger ọ̀sẹ̀ yìí lè máa lo ọ̀tún, ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lè máa lo òsì, ẹ ò ní mọ̀. Èmi kì í kọ ti ẹsẹ̀ sórí position láéláé. Ẹ tún lọ wo Responsibilities kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá assistant yín lẹ gbé iṣẹ́ yìí fún, torí mo mọ ẹnì kan tó lo oṣù méjì tó ń rojọ́ pé ohun tóun kọ kì í dúró, àṣé assistant ẹ̀ ló ń tún un kọ lẹ́yìn ẹ̀. Assistant tó mọ tactics dáadáa lè ṣe é o, àwọn èèyàn wà tó fi gbogbo ẹ̀ lé e lọ́wọ́ tí wọ́n sì ń gba ife. Èmi ò lè ṣe é, gbogbo adùn game yìí fún mi wà níbẹ̀ gan-an.

Ó dáa, Bolton. Ìgbà tí mo ṣàlàyé débẹ̀ ni wọ́n mú iná lọ. Àbúrò mi fẹ́ máa lọ, mo ní kó jókòó, battery ẹ̀ ṣì ní ogójì percent, a jọ lọ fa gẹ́nẹ́ kékeré tó wà lẹ́yìnkùlé, à ń gbọ́ ti gbogbo ará àdúgbò náà tó ń dáhùn. A pa gbogbo àpótí yẹn rẹ́, ojú ibẹ̀ wá mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Oṣù mélòó kan ti kọjá nínú save ẹ̀, ìyẹn game tó ti ń gbá bọ̀, ó kan kó lọ sí Peterborough báyìí, mo ní ká wo àwọn èèyàn yìí lọ́kọ̀ọ̀kan.

Center-back wọn apá òsì, Composure 8, First Touch 8. Mo ní, "Striker ẹ ńkọ́, ṣé ó lè sáré?" Ó ní Stamina ẹ̀ jẹ́ 15, Work Rate 16. Trigger Press, Always, ó tán. Center-back kejì mọ bọ́ọ̀lù, a fi Never sí i. Nọ́ńbà mẹ́wàá wọn ló gbá méjì wọlé nínú márùn-ún yẹn, Passing 15, àmọ́ Pace ẹ̀ jẹ́ 10, kò lè sá. Defensive midfielder wa kan wà tí Marking ẹ̀ dáa, tó sì máa ń wà ní sàkání ibẹ̀ yẹn, a fi Tight Marking sí i. Winger òsì wọn ló wá kù, ọ̀gá wọn nìyẹn, ẹsẹ̀ ọ̀tún, Dribbling 16, Pace 16, òsì ẹ̀ kò wúlò rárá. Àbúrò mi ti ń na ọwọ́ sí Always. Mo gbá a lọ́wọ́. Mo ní ta ló máa sáré sí i? Ó ní right-back. Mo ní Pace ẹ̀ ńkọ́? Ó dákẹ́. Mọ́kànlá ni. Kò sẹ́ni tó máa rán ọmọ tó ní 11 lọ lé ẹni tó ní 16. A fi pressing sílẹ̀ lófìfo, a ní kí tackling rọra, a fi Show Onto Foot sí Left, kó máa lọ sétí ìlà. Èèyàn mẹ́rin péré, nínú mọ́kànlá. Àbúrò mi ń wo àwọn méje tó kù bí ẹni tó fi ọjà ẹ̀ sílẹ̀ lójú òjò.

Match bẹ̀rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú méjìdínlógún, center-back burúkú yẹn gba bọ́ọ̀lù, striker wa ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ó gbá a lu striker wa lẹ́sẹ̀, bọ́ọ̀lù yí lọ síwájú, gólù! Bọ̀bọ́ yìí fò sókè débi pé ó fẹ́ fi orí lu fáànù tí kò yí. Nọ́ńbà mẹ́wàá wọn ò rí nǹkan ṣe, nígbà tó di half-time rating ẹ̀, máàkì tí game fún un, ò ju 6.3 lọ. Winger yẹn gan-an ò yìnbọn kan ṣoṣo wọlé, gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ gé wọlé, right-back wa ti dúró sọ́hùn-ún, á bínú, á sáré lọ sétí ìlà, á fi òsì gbé cross tí kò lórí tí kò nídìí.

Ní ìṣẹ́jú 74, ọ̀kan nínú gbogbo cross yẹn bọ́ síbi tó yẹ. Striker wọn ga bí òpó NEPA, ó kàn fò lórí center-back wa, ó fi orí gbá a wọlé. Ní ìṣẹ́jú 88, ó tún ṣe é. 2-1.

Àbúrò mi kọjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, a ṣì lulẹ̀ o."

Mo ní kó ṣí profile center-back ẹ̀ fún mi. Ó ṣí i. Jumping Reach, bó ṣe lè fò ga tó, 9. Mo ní èkejì ńkọ́? Ó rọra tẹ̀ ẹ́. 10. Mo bi í pé ìgbà tá a ní ká lé winger lọ sétí ìlà kó lọ máa gbá cross, ta lo rò pé ó máa fi orí kàn án, àwọn méjì yìí? Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ní ká lé e lọ síbẹ̀." Òótọ́ ló sọ, èmi ni, mo ti bi gbogbo èèyàn ní ìbéèrè yẹn, mi ò bi ara mi. À bá jẹ́ kó gé wọlé, defensive midfielder wa méjèèjì wà níbẹ̀, àbí ká kúkú fi Right sí i. A jiyàn lórí ẹ̀ títí gẹ́nẹ́ fi kú, petrol ti tán.

Ó gba danfo tó kẹ́yìn lọ sí Mushin lálẹ́ yẹn. Aago méjìlá kọjá díẹ̀, message ẹ̀ wọlé: "Ẹ̀gbọ́n mo ti ra center-back, loan ni, Jumping Reach 17, Pace ẹ̀ ni kẹ́ ẹ má bi mí."